Gbòǹgbò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gé

"Gbé díígà yẹn kúrò lórí gbòǹgbò mi! Mo ní kó o gbé e kúrò, àbí amọ̀ ti dí ẹ létí ni?"

Inú kòtò ni ohùn náà ti ń jáde. Bàbá Onígbòǹgbò dúró sínú ihò tó mù ún dé ìbàdí, ó fi àyà bo gbòǹgbò kan tó nípọn tó apá géńdé, bí ìgbà tí àgbébọ̀ adìyẹ bá na ìyẹ́ bo ọmọ. Lókè, sájẹ́ńtì ọlọ́pàá gbé díígà dání, kò rí ibi jù ú sí, kò sì fẹ́ gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, òkú èèyàn ló wà lábẹ́ gbòǹgbò yín yìí. Ẹ jẹ́ ká gé e, ká lè ráyè gbé e jáde."

"Òkú ti kú. Gbòǹgbò yìí ò tíì kú. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni díígà ẹ fẹ́ pa?"

"Ẹ ń dí ìjọba lọ́wọ́ o."

"Bí ìjọba bá mọ amọ̀ í wà, kí ni wọ́n pè mí fún?"

Obìnrin kan ti ń bọ̀ láti ẹnu géètì, kò yára, kò sì falẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń wọni lára kéèyàn tó mọ̀ pé wọ́n gún òun. Ó wo díígà, ó wo àgbàlagbà tó wà nínú kòtò.

"Sájẹ́ńtì, gbé nǹkan yẹn sílẹ̀."

"Ọ̀gá, bàbá yìí ló..."

"Mo gbọ́ yín láti títì. Gbé e sílẹ̀ ná. Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ rí?"

Bàbá Onígbòǹgbò nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Ó ní Màdáàmù, ọ̀gá-àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ló ránṣẹ́ pe òun. Igi ńlá àárín ọgbà iléèwé ń ṣàìsàn: ẹ̀ka tó kọjú sí ilé alájà méjì ti gbẹ láti nǹkan bí ọdún kan, gbogbo ẹ̀ka yòókù sì tutù minijọ. Ẹ̀ka kì í dá gbẹ lásán, ìdí ẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ wò. Òun bá wá wò ó. Amọ̀ ibẹ̀ le bí bíríkì tó ti inú iná jáde. Òun rọ omi sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún aláìsàn ní oògùn, òun sì fi àpò bò ó kí oòrùn má fà á. Lọ́jọ́ kẹta, òun mú èèkàn igi tí òun gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kúnńdú, òun bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi, òun ń tẹ̀ lé gbòǹgbò lọ sóde.

"Irin kì í kan gbòǹgbò mi," ó ní. "Igi ni mo fi ń tú amọ̀, ọwọ́ ni mo fi ń kó o. Láàárọ̀ yìí mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ gbòǹgbò, kí n lè kó amọ̀ abẹ́ rẹ̀ jáde, ọwọ́ mi bá kan bẹ́líìtì. Mo ní, ta ló sọ bẹ́líìtì nù síbí? Mo fà á. Kò wá. Èèyàn ló wà nínú ẹ̀."

Bẹ́líìtì náà ti dé ọwọ́ sájẹ́ńtì. Gbogbo iléèwé ló mọ̀ ọ́n. Ti ọlọ́dẹ ni, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì níbí títí di ọdún méjì sẹ́yìn. Nínú ìsinmi ọdún náà ni wọ́n wá a tì, òun pẹ̀lú àpò ìwé ìbéèrè ìdánwò àṣekágbá. Ìbéèrè jáde síta, wọ́n fagi lé ìdánwò, ọgọ́rùn-ún ọmọ fi ọdún kan ṣòfò, gbogbo ayé sì gbà pé olè ti sá lọ.

Olè tó sá lọ rèé, kò tíì kúrò nínú ọgbà.

Abẹ́rẹ́ bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Egungun náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, agbárí fọ́ lẹ́yìn. Gbòǹgbò sọdá rẹ̀ láti èjìká dé itan. Ó fi ìka tọ èèpo gbòǹgbò náà láti òpin dé òpin. Kò sí ojú àáké. Kò sí ojú àdá. Kò tiẹ̀ bó. Àfi àárín rẹ̀, níbi tí nǹkan kan wé mọ́ ọn, ó dà bí àpò, amọ̀ ti bò ó títí kò ní àwọ̀ mọ́, okùn ọ̀rá sì so ó pinpin.

"Báwo lèèyàn ṣe dé abẹ́ gbòǹgbò tí ẹnikẹ́ni ò gé?"

"Gbòǹgbò náà hù gba orí ẹ̀ kọjá ni," sájẹ́ńtì dáhùn kíá.

Bàbá Onígbòǹgbò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, gbòǹgbò yìí ti wà níbí kí bàbá ẹ tó mọ ìyá ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wá rú Abẹ́rẹ́ lójú. Bí wọ́n bá ní kéèyàn ju òkú sí kòtò, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi sùúrù gbẹ́ abẹ́ gbòǹgbò, kí wọ́n rọra ti òkú wọ ibẹ̀ bí ẹni ń ti àpótí sábẹ́ ibùsùn, kí wọ́n má bó èèpo igi? Irú apààyàn wo ló ń ṣàánú igi?

"Bàbá, ẹ wo ilẹ̀ yìí dáadáa. Wọ́n ti wa ibí rí àbí wọn ò wà á rí?"

Àgbàlagbà náà bu ilẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò fọ́ ọ. Ewé jíjẹrà wà nínú amọ̀ náà, dúdú nínú pupa. 

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí," ó ní. "Èmi ni mo máa ń po amọ̀ mọ́ ewé, kó má baà tún dì. Ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó gba ìsinmi, wọ́n fẹ́ gba páìpù omi kọjá níbí. Èmi ni mo wa ìdí gbòǹgbò fún wọn láti Mọ́ńdè dé Sátidé, èmi ni mo sì dí i padà."

"Ọlọ́dẹ di àwátì nígbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀," sájẹ́ńtì fèsì. Ó ti ń tú ṣẹkẹṣẹkẹ kúrò níbàdí. "Ọ̀gá, ó ti jẹ́wọ́."

"Mo ní iṣẹ́ mi ni. Mi ò ní èmi ni mo ṣe é."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

"Àpò yìí. Èmi kì í fi àpò sílẹ̀ lára gbòǹgbò. Mo máa ń wé e nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí atẹ́gùn má gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń tú u kí n tó da ilẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ n tú u kẹ́ ẹ rí i."

"Ẹ má tíì tú u, Bàbá. Ó dìgbà tí ayàwòrán bá dé."

"Ẹnu lásán," sájẹ́ńtì ní. "Ẹnu tí ò fẹ́ wọ ẹ̀wọ̀n."

Abẹ́rẹ́ tún wo inú kòtò náà. Bí Bàbá yìí bá sin òkú síbí, kí ló ń wá tó tún fi hú u? Bí kì í bá ṣe òun, ta ló tún mọ irú iṣẹ́ yìí ṣe?

* * *

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìyàwó ọlọ́dẹ ti dé. Aṣọ ló ń bá àwọn èèyàn fọ̀, ọṣẹ ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́líìtì fún un. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan.

"Tirẹ̀ ni. Èmi ni mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò tó kángun yìí. Ó rù lọ́dún yẹn, àwọn ihò tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò mú un mọ́."

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ sọ fún mi, ṣé olè ni ọkọ mi, àbí kì í ṣe olè?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ẹ wá ń ṣiyèméjì. Àwọn ará ibí ò ṣiyèméjì rí. Ní wákàtí tí wọ́n wá a tì ni wọ́n ti mọ̀." Kò gbé ohùn sókè. "Wọ́n dárúkọ ẹ̀ níwájú gbogbo ọmọ iléèwé, ọmọ mi wà lórí ìlà. Wọ́n kó ẹrù wa kúrò nínú yàrá ẹnu géètì. Títí dòní, ẹni tó bá fún mi láṣọ fọ̀, á kọ́kọ́ tú gbogbo àpò aṣọ ọ̀hún wò lójú mi. Pé ó kú, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ọkùnrin yẹn ò lè wà láàyè kó má yọjú sí ọmọ ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni mo wá gbà. Mi ò ní kúrò níbí láìgbà á."

Abẹ́rẹ́ gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra ká a.

Bàbá Onígbòǹgbò ké láti inú kòtò. Wọ́n ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ há a lọ́wọ́ kan, wọ́n so ojú rẹ̀ kejì mọ́ àkàsọ̀ kan létí kòtò, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń bá jà, kì í ṣe ọlọ́pàá. "Ìyàwó, bí o bá ti dúró, jọ̀ọ́ bá mi rẹ àwọn àpò yẹn sómi, kó o máa fi wọ́n bo gbòǹgbò. Kò jẹ̀bi. Kò yẹ kó kú sí ọ̀rọ̀ àwa èèyàn."

Sájẹ́ńtì rò pé obìnrin náà yóò tutọ́ sí Bàbá lójú. Obìnrin náà káṣọ sókè, ó lọ pọn omi.

* * *

Àgogo ìsinmi ọ̀sán ò tíì dún tí sájẹ́ńtì fi dé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bàtà aláwọ tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ti gádínà iléèwé níwájú.

"Bàtà ọlọ́dẹ rèé, Ọ̀gá. Abẹ́ ibùsùn gádínà ni mo ti rí i. Ẹni tó ń fi ọkọ́ jẹun lójoojúmọ́. Bàbá gbẹ́ ẹ, eléyìí tì í. Ọ̀ràn ti parí."

Gádínà náà rí gbọ̀ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ò dúró sójú kan. "Bàtà ọlọ́dẹ ni, mi ò jiyàn. Yàrá ẹ̀ ni mo ti mú un. Wọ́n ní ó ti sá lọ. Mo ní bàtà ò lè máa dá sá tẹ̀ lé e."

"Ìwọ ló pa á?"

"Ọ̀gá, èmi? Èmi tí mo gba ìsinmi lọ sílé lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo padà dé ni mo gbọ́."

"Bàtà yìí tuntun ni," Abẹ́rẹ́ ní. "Ẹni tó jí nǹkan tó ń sá lọ, á gbàgbé bàtà tuntun, á wọ èyí tó ti lu?"

"Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ta ló bi mí?"

Abẹ́rẹ́ fẹ́ bínú, ó rí i pé òótọ́ lọkùnrin náà sọ. Lọ́dún méjì, ẹnikẹ́ni ò bi í. Nígbà tí wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n máa pè lólè, kí ni wọ́n tún ń fi ìbéèrè ṣe?

"Ó dáa, mo wá ń bi ẹ́. Nígbà tí Bàbá wa ìdí igi fún páìpù, kí ló ṣe sí àwọn àpò tó fi wé gbòǹgbò?"

"Ó tú gbogbo wọn ní Sátidé. Èmi ni mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí okùn. Ọlọ́dẹ gan-an ló bá mi fún wọn, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, mo fi í ṣẹ̀fẹ̀."

"Ó dá ẹ lójú pé kò ṣẹ́ ku ọ̀kan lára gbòǹgbò?"

"Bàbá yẹn? Ó fi ìka ka gbòǹgbò bí ẹni ń ka ọmọ sínú mọ́tò, kó tó jẹ́ ká da ilẹ̀ lé e."

"Ta ló tún wà ńbẹ̀?"

"Màdáàmù. Kò sí ẹlòmíì. Fúráídè ni gbogbo àwọn tíṣà ti gba ìsinmi lọ."

Abẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Sájẹ́ńtì jókòó tì í, ó gbé bàtà sórí itan, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe mọ́.

"Ọ̀gá, ó ti rú mi lójú pátápátá."

"Èmi náà ń bọ̀ ńbẹ̀. Jẹ́ ká jọ tú u. Ẹni tó sin ọlọ́dẹ, kí ló dé tí kò gé gbòǹgbò?"

"Àánú igi."

"Àánú kọ́. Bí wọ́n bá gé gbòǹgbò, ẹ̀ka tó wà lókè rẹ̀ á gbẹ. Bí ẹ̀ka bá gbẹ, wọ́n á wa ìdí ẹ̀. Ẹni náà mọ̀. Ó fẹ́ kí igi yìí máa gbádùn títí ayé, kẹ́nì kankan má baà yọjú síbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dí i ni, kò ní láti jẹ́ akọṣẹ́mọṣẹ́ kó tó lè tún un wà. Ó ṣáà ń ṣe bó ṣe rí Bàbá tó ń ṣe. Ó gbẹ́ abẹ́ ẹ̀, kò ṣá a, ó po ilẹ̀ mọ́ ewé, ó fi àpò wé gbòǹgbò. Ó wá da ilẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò."

"Ó gbàgbé ni."

"O ti gbàgbé ìbọn ẹ sínú igbó rí?"

"Rárá o."

"Kò gbàgbé. Kò mọ̀ ni. Mọ́ńdè dé Fúráídè ló fi wo Bàbá. Kò wò ó ní Sátidé."

Sájẹ́ńtì ronú sí i. Ó rọra bọ́ sílẹ̀ lọ, ó lọ tú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ṣùgbọ́n gbogbo iléèwé ló wò ó láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Ogún tíṣà. Ọmọ tí ò lóǹkà."

"Mo mọ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Ibẹ̀ gan-an ló ti tún fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

* * *

Ọ́fíìsì Màdáàmù wà ní àjà kejì. Obìnrin àgbà ni, awò ojú rẹ̀ nípọn, ohùn rẹ̀ sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀.

"Nínú ìsinmi yẹn, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì, yàtọ̀ sí ọlọ́dẹ?"

"Èmi nìkan. Ṣùgbọ́n mo rìnrìn àjò oṣù kan gbáko. Igbákejì mi ni mo kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún."

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ìwé ìdánwò wà náà?"

"Gbogbo wọn." Màdáàmù bọ́ awò ojú rẹ̀. "Òun náà ló rí ọlọ́dẹ nígbà tó ń lọ. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Mo gbà á gbọ́. Mo ní kó dárúkọ ọkùnrin yẹn lórí ìlà."

Igbákejì wọlé láì kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ẹ̀kọ́ ìṣirò ló ń kọ́ni, kò sì sí ohun tí wọ́n máa sọ lójú rẹ̀ tí kò ní tún un sọ fún wọn. Èmi-Ni-Mo-Mọ̀-Ọ́n ni àwọn ọmọ iléèwé ń pè é lẹ́yìn. Ọ́fíìsì tirẹ̀ ló kàn, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ìdí igi gan-an.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti mú awagbòǹgbò," ó ní. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wa kòtò ló mọ ohun tó gbé síbẹ̀. Kò lọ́gbọ́n méjì nínú."

Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. "Tíṣà, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Bàbá yẹn ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀, kò yé mi. Ó ń wí pé omi, pé èèkàn, pé ewé. Orí mi ti wú. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń ṣàlàyé nǹkan tó bá ta kókó."

Inú Igbákejì dùn. Ó lọ dúró sójú fèrèsé, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì.

"Kò ṣòro rárá. Wọ́n ní iṣẹ́ àràmàǹdà ni, irọ́ ni. Mo jókòó síbí, mo wò ó lọ́jọ́ márùn-ún, mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ìkíní, ó rọ omi sí amọ̀, ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó wá fi igi tú u, láti ìdí lọ sóde, kì í ṣe kó máa yí igi ká. Tó bá yí i ká, ó máa já gbòǹgbò. Ó kó abẹ́ ẹ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́. Ó fi àpò tútù wé gbòǹgbò tó bá ti síta, ó so ó. Ó wá po amọ̀ mọ́ ewé, ó dà á padà. Ó tán."

"Ó tán?"

"Ó tán. Kí ló tún kù?"

"Àpò yẹn ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ ẹ̀ nísàlẹ̀ ńbẹ̀?"

"Ó ń bá gbòǹgbò pa omi mọ́ ni. Ọmọ kékeré ló yẹ kó mọ ìyẹn."

Màdáàmù gbójú sókè. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, obìnrin àgbà náà pa ẹnu dé.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà yín sí ọlọ́pàá lọ́dún méjì sẹ́yìn wà lọ́wọ́ mi. Ẹ rí ọlọ́dẹ lójúkojú?"

"Bí mo ṣe ń wò yín yìí. Àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó gbé àpò ìdánwò kọ́ èjìká, ó gba géètì jáde. Mo pè é, kò wẹ̀yìn."

"Àpò ìdánwò ọ̀hún gan-an?"

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kì í kọ nǹkan tí mi ò rí."

Abẹ́rẹ́ dìde. Ó dá a lójú ní ìdajì, ìdajì tó kù sì ń já a láyà. Ọkùnrin yìí wo iṣẹ́ náà, kò wò ó parí: òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adájọ́ wo ló máa rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé kò mọ̀ pé wọ́n máa ń tú àpò? Tíṣà mélòó ni kò mọ̀ ọ́n? Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ejò, kò tíì mọ ibi tí orí rẹ̀ wà.

"Ẹ bá wa sọ̀ kalẹ̀, Tíṣà," ó ní. "Bàbá fẹ́ tú gbòǹgbò. Bóyá ẹ máa bá wa ṣàlàyé fún un."

* * *

Ayàwòrán ti ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n ti gbé egungun jáde láti ẹ̀gbẹ́ kòtò, wọn ò gé gbòǹgbò kankan. Ìyàwó ọlọ́dẹ ṣì kúnlẹ̀ létí kòtò, ó ń wọ́n omi. Bàbá Onígbòǹgbò fi èékánná wá ojú okùn ọ̀rá náà nínú amọ̀. Okùn náà ti wọnú èèpo. Gbòǹgbò wú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bí ọrùn ọwọ́ ọmọ tí ẹ̀gbà há mọ́.

"Ẹ wá wò ó," àgbàlagbà náà ní. "Ohun tó pa ẹ̀ka òkè rèé. Igi ń sanra, okùn yìí ò jẹ́ kó sanra. Omi ò kọjá mọ́. Bí kì í bá ṣe okùn yìí ni, ẹ̀ka ò ní gbẹ, wọn ò sì ní pè mí. Ọkùnrin yìí ì bá wà níbí títí èmi náà fi máa lọ."

Igbákejì fi áńkáṣífù bo imú. "Kò lè jẹ́ okùn. Àrùn lásán ni."

Okùn já. Àpò náà ṣí kúrò lára gbòǹgbò pẹ̀lú amọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní kí ìyàwó ọlọ́dẹ rọra da omi sí i. Ó dà á, amọ̀ ń ṣàn lọ, pupa, lẹ́yìn náà omi ń mọ́ bọ̀. Aṣọ líle ni, kì í ṣe àpò ọkà. Àwọn òrùka idẹ to yí ẹnu rẹ̀ ká. Ìlà aláwọ̀ ewé kan sì là á láàárín.

Màdáàmù di apá sájẹ́ńtì mú kó má baà ṣubú.

"Àpò ìdánwò nìyẹn."

 Ní àkókò yẹn ni gbogbo ohun tó ti ń pòyì lórí Abẹ́rẹ́ láti àárọ̀ jókòó sí àyè wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó yọ lẹ́tà jáde, ó kà á ketekete.

"'Mo fi ojú ara mi rí i tó gbé àpò ìdánwò gba géètì jáde.' Tíṣà, àpò tó gba géètì jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, báwo ló ṣe padà wọlé wá di aṣọ gbòǹgbò? Ọlọ́dẹ bá yín nídìí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tẹ́ ẹ ti ń jí ìbéèrè, ẹ lù ú lẹ́yìn orí. Ẹ ní òkú tẹ́ ẹ fẹ́ bò, ẹ ní àpò tẹ́ ẹ fẹ́ bò, ẹ sì ní gbòǹgbò tẹ́ ẹ rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ wé."

"Àròsọ ni." Òógùn ti bo iwájú orí Igbákejì. "Bàbá yìí ló ni iṣẹ́. Ẹ bi í. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń bo gbòǹgbò tí igi ò fi ní kú?"

Bàbá Onígbòǹgbò gbé okùn ọ̀rá náà sókè láàárín ìka méjì, bí ẹni gbé aláǹgbá tó kú.

"Èmi? Kí n fi ọ̀rá fún gbòǹgbò lọ́rùn, kí n sì bò ó mọ́lẹ̀? Tíṣà, ẹ má fi ìyẹn kàn mí. Ẹ ní mo pààyàn, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ játijàti yìí, òpè ni, kò mọ nǹkan kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A, B, D á ṣe é dáa jù báyìí lọ."

"Òpè kẹ̀?" Ohùn Igbákejì lọ sókè lójijì. "Òpè? Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi wò yín. Bí ẹ ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é."

Ọ̀rọ̀ ti jáde. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ mú un padà lójú afẹ́fẹ́.

Ìyàwó ọlọ́dẹ dìde lórí eékún. Ó ká àpò tútù náà mọ́ ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀, níbi tí idẹ pọ̀ sí, rọ̀ sílẹ̀. Sájẹ́ńtì rí i. Ó yẹra lọ́nà. Obìnrin náà gbé e láti ẹ̀yìn wá, pẹ̀lú gbogbo apá tó ti fi ń fọ aṣọ aláṣọ, idẹ àti amọ̀ àti omi sì ba Igbákejì láàárín ojú.